Owó Ẹ̀bùn Ìdíje: Irú Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Gbé Kalẹ̀?

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin n'Ìbàdàn, ìpàdé ìdíje a bẹ̀rẹ̀ káàkiri àdúgbò. Àwọn ọ̀dọ́ Mọ́kọ́lá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde kan fẹ́ ṣe ìdíje àròkọ fún ilé ẹ̀kọ́ wọn, ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù fẹ́ kí àdúgbò mọ́. Ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bi ara wọn ni pé, "Èló la máa fún ẹni tó bá gba ipò kìíní?" Mo ti jókòó nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ dáadáa, mo sì gbà pé ìbéèrè kejì nìyẹn. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé: irú owó ẹ̀bùn wo la fẹ́ gbé kalẹ̀? Oríṣi mẹ́rin ló wà. Ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá kò jọra, ohun tí wọ́n ń sún ènìyàn ṣe kò sì jọra rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Owó ẹ̀bùn ni owó tí a ti ṣèlérí rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ pé àbájáde la fi ń gbà á, kì í ṣe wákàtí tí ènìyàn fi ṣiṣẹ́. Ẹni tó ṣe wàhálà títí tí kò borí lè padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí owó iṣẹ́ nìyẹn, òun náà ló yà á sọ́tọ̀ sí owó àdéhùn àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ, 1963, Dick Tiger ọmọ Nàìjíríà àti Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà pàdé ní Liberty Stadium l'Ókè-Àdó, ìjà ìgbànú àgbáyé àkọ́kọ́ tó wáyé nílẹ̀ aláwọ̀dúdú. Fullmer kò lè dìde fún abala kẹjọ. Síbẹ̀, irú àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò bẹ́ẹ̀ ti máa ń fọwọ́ sí iye tí kálukú yóò gbà kí wọ́n tó wọ agbo ìjà, ẹni tó borí àti ẹni tó fìdí rẹmi. Owó iṣẹ́ ni, kì í ṣe ẹ̀bùn.

Tẹ́tẹ́ náà kì í ṣe owó ẹ̀bùn. Bó bá jẹ́ pé owó fọ́ọ̀mù tí àwọn olùdíje san la kó jọ, tó sì jẹ́ pé oríire la fi ń mú ẹni tó máa kó o lọ, tẹ́tẹ́ ni, bí ẹ tiẹ̀ kọ "ìdíje" gàdàgbà sórí báńà.

Owó ìkógun

Ìbàdàn mọ irú èyí dáadáa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, jagunjagun ìlú yìí kì í gba owó oṣù. Ohun tó bá kó bọ̀ lójú ogun ni èrè rẹ̀, olóyè tó tẹ̀ lé lọ sì ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn sọ irú ìpín bẹ́ẹ̀ di òfin ilé aṣòfin. Ní 1708, láyé Ọbabìnrin Anne, wọ́n pinnu pé bí ọkọ̀ ogun ojú omi bá mú ọkọ̀ ọ̀tá, tí kóòtù sì fọwọ́ sí i pé ìkógun tó bófin mu ni, owó ọkọ̀ náà àti ẹrù inú rẹ̀ di ti àwọn tó mú un. Ọ̀nà mẹ́jọ ni wọ́n ń pín in sí. Ọ̀gá ọkọ̀ ló ni mẹ́ta, á sì yọ ọ̀kan nínú rẹ̀ fún balógun tó wà lórí rẹ̀. Àwọn ọ̀gá kéékèèké pín mẹ́ta. Méjì tó kù ni ti gbogbo atukọ̀ lápapọ̀.

Owó náà lè pọ̀ gan-an. Ní 1762, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì mú Hermione, ọkọ̀ Sípéènì tó ń kó ìṣúra bọ̀ láti Peru. Nǹkan bí 485 pọ́n-ùn ló kan atukọ̀ lásán kọ̀ọ̀kan, owó tó ju iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún lọ fún irú wọn. Ti ọ̀gá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí 65,000. Ẹ wo bí àlàfo yẹn ṣe tó, kẹ́ ẹ sì rántí pé inú omi kan náà ni gbogbo wọn ti fẹ̀mí wéwu. Amẹ́ríkà fi òpin sí irú owó yìí ní 1899, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì fi òpin sí tiwọn ní 1948.

Apá kan wà nínú ìtàn yìí tó kan àwa Yorùbá tààrà. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, òfin ọ̀hún gbé owó lé orí ẹrú kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ ogun wọn bá gbà sílẹ̀: ó lè tó 40 pọ́n-ùn lórí ọkùnrin, 30 lórí obìnrin, 10 lórí ọmọdé. Ní 1824 wọ́n sọ ọ́ di 10 lórí ẹnikẹ́ni, ní 1830 ó di 5. Irú ọkọ̀ ogun bẹ́ẹ̀ ló gba Àjàyí, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, sílẹ̀ lójú òkun ní oṣù Kẹrin 1822, òun náà ló padà di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Mo dúpẹ́ lórí gbogbo ẹni tí wọ́n gbà sílẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tí owó náà ń kà: orí ènìyàn tó wà nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ti kó ẹ̀wọ̀n, pákó àti àgbá omi tó lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, ṣùgbọ́n tí kò tíì kó ẹnì kankan, kò mú kọ́bọ̀ wá. Títí di 1835 pàápàá, àdéhùn tó wà láàárín wọn àti Sípéènì kò fàyè gbà wọ́n láti mú irú ọkọ̀ òfìfo bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn ìgbà náà sì fẹ̀sùn kan àwọn ọ̀gá ọkọ̀ kan pé ṣe ni wọ́n ń dúró kí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa wọnú ọkọ̀ tán kí wọ́n tó lé e. Ìyà tó ń jẹ ènìyàn ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ yẹn láàárín ọjọ́ méjì péré kò ṣeé fẹnu sọ. Ó di 1838 kí òfin tó san owó gidi lórí ọkọ̀ tí kò tíì kó ẹrú, wọ́n ń wo bó ṣe tóbi tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe ìdíje, ohun tí irú owó yìí ń kọ́ni nìyí: ohun tẹ́ ẹ bá kà ni wọ́n máa lé, bí kì í tiẹ̀ ṣe ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gan-an. Bí ẹ bá ní ẹ ó san owó lórí àpò ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí àpò gbà lóòótọ́. Ẹ ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé àdúgbò yín ni wọ́n ti ṣà á.

Owó pápá

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò bí wọ́n bá gbọ́ "ẹ̀bùn ìdíje" nìyí. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí, wọ́n á ní adé ewé ólífì nìkan ni wọ́n ń fún olùborí ní Olympia. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Òfin Solon ní Athens ní kí wọ́n fún ọmọ ìlú tó bá borí ní Olympia ní 500 dírákímà. Níbi ayẹyẹ Panathenaia ní Athens kan náà, ìkòkò ńlá ńlá tí òróró ólífì kún inú wọn ni wọ́n ń kó fún olùborí, ẹni tó ṣe ìkejì náà kì í lọ lásán. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé owó ló ba eré ìdárayá jẹ́, pé iyì nìkan ló wà látijọ́, ẹ má gbà á gbọ́.

Bí ẹ ṣe máa pín in ló le jù. Ní Wimbledon ọdún 1968, ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n gba àwọn tó ń fi tẹ́níìsì jẹun láàyè, Rod Laver gba 2,000 pọ́n-ùn, Billie Jean King tó borí láàárín àwọn obìnrin gba 750. Ìdíje ńlá ti Amẹ́ríkà sọ ọ́ dọ́gba ní 1973, ó di 2007 kí Wimbledon tó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń rí báńà n'Ìbàdàn níhìn-ín tí owó àwọn ọmọbìnrin kò tó ìdajì ti àwọn ọmọkùnrin nínú eré ìje kan náà. Kò sí àlàyé tẹ́nikẹ́ni lè ṣe fún mi tó máa mú un tọ́.

Ìpín tó wà láàárín ẹgbẹ́ kan ṣoṣo náà ńkọ́? Mo wà lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá parí. Wọ́n gbé páálí ńlá tí wọ́n fi máákà kọ iye owó sí fún kápítẹ́nì, wọ́n ya fọ́tò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, tiránsífà ti wọ àkáǹtì kóòṣì, àwọn ọmọ sì ti pagbo yí fóònù rẹ̀ ká kí wọ́n lè rí àlátì. Gólì wọn, tó ti mú bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje àyàfi ọjọ́ yẹn, dúró lẹ́yìn pẹ̀lú bàtà ní ẹsẹ̀ kan àti sílípáàsì ní èkejì, báńdéèjì tó ń rùn Robb ni wọ́n fi wé kókósẹ̀ rẹ̀. Ó béèrè ìpín tirẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn dá a lóhùn pé, "O ò gbá fáínà." Kóòṣì ń wo fóònù, kò sọ nǹkan kan. Atukọ̀ ọdún 1708 mọ ìpín rẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, bó tiẹ̀ kéré. Ọmọ yìí kò mọ tirẹ̀ nítorí pé kò sẹ́nì kankan nínú àwọn tó ṣètò ìdíje tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá yan owó pápá, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ fún ipò kìíní. Nínú ọ̀pọ̀ ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ni olùborí ń kó, ìyókù ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé e. Fún ìdíje àdúgbò, ìdajì fún ipò kìíní ti tó, kẹ́ ẹ sì fi ìyókù ṣe ti ipò kejì, ìkẹta àti owó ọkọ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ tó jáde. Ìdíje tí ènìyàn mẹ́rìndínlógún bá ti ń lọ lọ́wọ́ òfo lọ́dọọdún kì í pẹ́ tí ẹsẹ̀ á fi dá níbẹ̀.

Owó ojútùú

Irú tí mo fẹ́ràn jù nìyí, òun náà ló sì rọrùn jù láti bàjẹ́. Níbí, kì í ṣe ẹni tó dára ju ẹnì kejì lọ lẹ ń wá. Ìṣòro kan wà nílẹ̀ lẹ ní kí ẹnikẹ́ni tó bá lè yanjú rẹ̀ wá gbowó.

Ní 1707, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin rì lẹ́bàá àwọn erékùṣù Scilly nítorí pé wọn kò mọ ibi tí wọ́n wà lójú òkun. Ó ju ẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ tó kú síbẹ̀. Ní 1714, ilé aṣòfin wọn gbé 20,000 pọ́n-ùn kalẹ̀ fún ẹni tó bá rí ọ̀nà láti mọ bí ọkọ̀ ṣe jìnnà tó sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn, kó má ṣì ju ìdajì dìgírì kan lọ. Bó bá ṣì tó dìgírì kan, 10,000. John Harrison, káfíńtà tó sọ ara rẹ̀ di aṣe-aago, mọ̀ pé wákàtí kan ni ayé fi ń yí dìgírì 15, nítorí náà bí aago kan bá lè máa pa àkókò ilé mọ́ lórí omi, atukọ̀ á fi wé ọ̀sán gangan níbi tó wà, á sì mọ ibi tó dé. Ó lo ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ayé rẹ̀ lórí i. Nígbà tí wọ́n gbé aago rẹ̀ kẹrin lọ sí Jamaica láàárín 1761 sí 1762, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ tó fi ṣìnà.

Ṣé wọ́n sanwó lójú ẹsẹ̀? Rárá o. Òfin náà ti sọ pé ọ̀nà ọ̀hún gbọ́dọ̀ wúlò fún lílò lójú òkun, àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ṣèdájọ́ sì ń túmọ̀ gbólóhùn yẹn bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n ní kó tún gbé e lọ sí Barbados. Wọ́n ní kó tú aago náà sílẹ̀ níwájú wọn, kó sì kó gbogbo aago rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Nevil Maskelyne, ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn láti 1765, jẹ́ alátìlẹ́yìn ọ̀nà mìíràn, èyí tó ń fi òṣùpá ṣe ìṣirò. Ní 1765 wọ́n fún Harrison ní 10,000. Ó di 1773, lẹ́yìn tí Ọba George Kẹta dá sí i, kí ilé aṣòfin tó fi 8,750 kún un. Harrison ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà náà, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ló kú.

Ìtàn yìí máa ń dùn mí. Ọkùnrin náà ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, owó sì wà nílẹ̀. Ohun tí kò sí ni ìwọ̀n tó dájú, àti adájọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò sí nínú ọbẹ̀ náà.

Ẹ fi wé ti Raymond Orteig, onílé-ìtura kan ní New York, tó ṣèlérí 25,000 dọ́là ní 1919 fún ẹni tó bá fi ọkọ̀ òfuurufú fò láàárín New York sí Paris láìdúró. Ìwọ̀n yẹn kò rújú: o fò dé, tàbí o kò dé. Ní oṣù Karùn-ún 1927, Charles Lindbergh fi wákàtí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti ààbọ̀ fò dé. Àwọn mìíràn ti kú kí ó tó dé ibẹ̀, lára wọn ni Nungesser àti Coli, tí wọ́n gbéra láti Paris lóṣù yẹn kan náà tí ẹnikẹ́ni kò rí wọn mọ́. Ohun tí owó ojútùú ń ná nìyẹn, tí kì í hàn nínú báńà: ẹni púpọ̀ ló ń fi owó àti ara wọn ṣòfò, ẹnì kan ló ń gbà á. Ọlọ́rọ̀ lè fara da èyí. Fún akẹ́kọ̀ọ́ Poly tó ń ra détà lójoojúmọ́, ó lè máà ṣeé ṣe rárá.

Owó iyì

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Alfred Nobel kọ ìwé ìhágún rẹ̀ ní 1895, ó kú ní 1896, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ènìyàn lẹ́bùn náà ní 1901. Èlé orí owó tó fi sílẹ̀ ni wọ́n ń ná, kì í ṣe owó gan-an, ìdí nìyẹn tó fi ṣì wà. Wole Soyinka, tó kàwé ní Government College n'Ìbàdàn àti ní Yunifásítì Ìbàdàn, gbà á ní 1986. Kò gba fọ́ọ̀mù, kò sì sáré ìje pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tó ti ṣe sílẹ̀ ni wọ́n wò.

Irú owó yìí kì í sún ẹnikẹ́ni ṣe iṣẹ́ tuntun kíákíá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi han gbogbo ènìyàn ohun tí àwùjọ kà sí pàtàkì. Adájọ́ ló sì gbé gbogbo rẹ̀ rù. Ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ tí iléeṣẹ́ NLNG ń fún àwọn òǹkọ̀wé Nàìjíríà, 100,000 dọ́là fún ẹnì kan ṣoṣo, kò rí olùborí ní 2015 tó kan ìwé àwọn ọmọdé. Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti má fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ọ́ sínú òfin ìdíje láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ ayẹyẹ ni wọ́n máa gbọ́.

Bí a bá gbé wọn síra wọn

Ẹ jẹ́ ká fi gọ́tà àdúgbò dán wọn wò, torí ẹni tó bá rántí omíyalé Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, 1980, mọ̀ pé gọ́tà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó lásán ní ìlú yìí. Ká ní ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù ní owó díẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí gọ́tà máa ṣàn.

Bí wọ́n bá san án lórí àpò ìdọ̀tí, owó ìkógun nìyẹn, ìdọ̀tí ọjà Bódìjà lè bá a dé. Bí wọ́n bá ní kí òpópónà kan díje pẹ̀lú òmíràn, kí ìgbìmọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé, owó pápá nìyẹn: gbogbo gọ́tà á mọ́ lọ́jọ́ náà, inú yín á dùn, àmọ́ lọ́jọ́ Túsìdé ọ̀rá á ti padà. Bí wọ́n bá fún ìyá tó ti ń gbá iwájú ilé rẹ̀ àti ti aládùúgbò rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ lówó níwájú gbogbo ènìyàn, owó iyì nìyẹn, mo sì fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n gọ́tà tó kù kò ní tìtorí rẹ̀ ṣí. Bí wọ́n bá sọ pé owó wà fún àwọn tí gọ́tà òpópónà wọn kò bá dí rárá láti oṣù Kẹrin títí òjò fi máa lọ, tí wọ́n sì ń wá wò ó láìsọ tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá, owó ojútùú nìyẹn. Òun ni mo máa yàn. Mo máa yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ síwájú, kí wọ́n fi ra ṣọ́bìrì, ìbọ̀wọ́ àti bàtà òjò, kó má baà jẹ́ pé òpópónà ọlọ́rọ̀ nìkan ló máa lè jáde.

Fún ìdíje àròkọ, owó pápá ló dára jù, kẹ́ ẹ pín in fún ọmọ púpọ̀. Fún olùkọ́ tó ti ń fẹ̀yìn tì, iyì. Fún àwọn ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn tó ń kọ áàpù, ojútùú, bẹ́ ẹ bá lè sọ ìwọ̀n tó máa fi hàn pé ó ṣiṣẹ́. Bẹ́ ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ má tan àwọn ọmọ olọ́mọ. Owó ìkógun ni mi ò rí ìdíje àdúgbò kan tí mo lè dámọ̀ràn rẹ̀ fún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ jáde díje náà, ẹ wo irú tó jẹ́ kẹ́ ẹ tó gba fọ́ọ̀mù. Bó bá jẹ́ owó pápá, ẹ béèrè iye tó máa kan ipò kẹta, torí ibẹ̀ lẹ máa mọ̀ bóyá àwọn tó ṣètò rẹ̀ ro tiyín. Bó bá jẹ́ ojútùú, ẹ ṣírò ohun tó máa ná yín bẹ́ ẹ kò bá borí. Ẹni tó bá sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ẹ ti jẹ owó níbi ìdíje tẹ́ ẹ kò wọ̀, pé kẹ́ ẹ san owó díẹ̀ kí wọ́n lè tú u sílẹ̀, olè ni. Kò sí irú kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó borí kí wọ́n tó san tirẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ gba owó náà lọ́wọ́ onígbọ̀wọ́ kẹ́ ẹ tó tẹ báńà, kó wà nínú àkáǹtì tí ènìyàn méjì ń fọwọ́ sí. Ẹ kọ ìpín kálukú, títí kan ẹni tó ṣèṣe àti ẹni tó jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ẹ kọ orúkọ adájọ́, ẹ kọ ọjọ́ tí owó máa dé ọwọ́ wọn, kẹ́ ẹ sì lẹ ìwé náà mọ́ ara ògiri níbi tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù.